Ọkọ̀ Kọmíṣọ́nnà Tuntun

Dẹ́rẹ́bà ti nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́ kí akọ̀wé àgbà tó fà á sẹ́yìn.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́ lórí simẹ́ńtì ìjọba tó pòórá ní Iléṣà?"

"Ọ̀gá mi ló ní kí n fọkọ̀ kó o, mà."

"Aṣọ àlà niṣẹ́ ìjọba, a kì í ta epo sí i. O ò lè wa ọkọ̀ kọmíṣọ́nnà tuntun."

Kọmíṣọ́nnà náà sì wọlé, láti ilé aṣòfin Òṣogbo, níbi tí wọn ò ti bi í ní nǹkan kan, tí wọ́n ní kó tẹríba kó máa lọ. Akọ̀wé kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbá dẹ́rẹ́bà léjìká.

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tún máa pe ẹjọ́ wa," ó ní. "Ọkọ̀ mi la jọ máa gbé lọ."