Òṣùpá Tí Mo Rán Sáyà

Láràárọ̀, ẹnubodè àgọ́ ogúnléndé wa máa ń ka ọnà òwú àyà aṣọ obìnrin, kó fi mọ abúlé Palẹstínì tí wọ́n ti lé ìdílé rẹ̀, kó tó ṣí. Èmi tí ìwé ìtàn ìfẹ́ ti yí lórí, mo tú igi sípírẹ́sì, àmì abúlé tiwa, kúrò láyà aṣọ mi, mo rán òṣùpá, àmì abúlé ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nizar, sí i, kó lè mọ̀ pé òun ni mo fẹ́.

Ẹnubodè ò ṣí. Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà ẹbí Nizar ni kí o gbà."

Nizar fúnra rẹ̀ wà nítòsí. "Àbúrò, n ò mọ̀ pé ẹbí ni wá."

Ìyá àgbà mi, tó wà lẹ́yìn mi, fa abẹ́rẹ́ yọ. "Dúró jẹ́ẹ́, olólùfẹ́. Ta ló ń sọ ilé bàbá ẹ̀ nù kó tó rí ọkọ?"

Ó tún igi wa rán. Nizar súnmọ́ wa. "Abúlé wo nìyí?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo há sórí fò lọ.

"Tiwa," ni mo sọ.