Ìràwọ̀ Ara Páálí Oògùn

"Màmá, kí ló dé tí wọ́n fa ìlà dábùú ìràwọ̀ yìí?"

Safurat ló bèèrè. Páálí oògùn rẹ̀ ló gbé dání. Àwòrán méjì ló wà lára páálí náà, oòrùn kan àti ìràwọ̀ kan tó ní ẹ̀ka mẹ́fà, ìlà pupa sì dábùú àwọn méjèèjì. Ti oòrùn yé gbogbo ilé, torí nọ́ọ̀sì ti sọ pé ọ̀tá oògùn ínsúlínì náà ni ooru. Ti ìràwọ̀ ni kò yé ẹnikẹ́ni. Àsàmáù, ìyá ọmọ náà, yí páálí síwá sẹ́yìn, ó ní bóyá àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Badmus, ọkọ rẹ̀, ní òun ò mọ̀.

"Wọ́n ní kí ẹ má gún un lábẹ́rẹ́ níta gbangba lálẹ́ ni," ni Ìyá Àgbà, ìyá Badmus, wí.

Safurat rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, àtọ̀gbẹ sì ti mú un láti èṣín. Bí kò bá gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, kì í pẹ́ tí ara rẹ̀ fi ń dẹ̀ wọ̀ọ̀. Kò sí irú oògùn náà ní Ìkàrẹ́. Àkúrẹ́ ni Badmus ti ń rà á, àwọn tó ń tà á sì ti ní kò ní sí òmíràn títí oṣù yóò fi parí. Èyí tó wà nílẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n ní.

Ìgbà tí ooru ń mú jù lọ́dún ni fíríìjì wọn ṣíwọ́ tútù. Iná ń wà, ẹ̀rọ rẹ̀ ń kùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ móoru bí àpótí aṣọ. Ẹni tó máa ń tún un ṣe wá rọ gáàsì sí i. Gáàsì náà jò lọ. Ó tún wá rọ òmíràn, ìyẹn náà jò. Lẹ́yìn náà, kò gbé fóònù wọn mọ́.

Ìyá Àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, ó kó iyanrìn sáàárín wọn, ó bu omi rin iyanrìn náà. Ó fi ọ̀rá wé ìgò oògùn, ó tò wọ́n sínú èyí tó kéré, ó fi aṣọ tútù bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Inú irú ẹ̀ la ti ń mu omi tútù kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe fíríìjì," ó ní.

"Ìyá, oògùn nìyí o, kì í ṣe omi," ni Àsàmáù wí.

Àsàmáù ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Yóò ṣí ìkòkò, yóò gbé ìgò lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti gbóná. Bí Safurat bá sùn lọ́sàn-án, yóò jí i kó tó lè mí dáadáa. Nọ́ọ̀sì gún ọmọ náà níka, ó wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó dára. Wọ́n tún lọ, ó tún ní ó dára.

"Ọ̀la ńkọ́?" ni Àsàmáù ń bèèrè.

Wọ́n wá sọ fún un nípa Mosúnmọ́lá, obìnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ọ̀kà. Ó gun ọ̀kadà lọ bá a.

"Ẹ gbé e wá, màá ṣe é," ni Mosúnmọ́lá wí.

"Bó bá tún jò lẹ́yìn yín ńkọ́, ta ni màá pè? Ẹ kọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ lè ṣe é fúnra mi."

Mosúnmọ́lá wo ojú rẹ̀ pẹ́. "Gáàsì kì í mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn o. Bí mo bá ní má fọwọ́ kàn án, má fọwọ́ kàn án."

Àsàmáù ń lọ, ó ń bọ̀. Ó kọ́ láti ka orúkọ gáàsì lẹ́yìn fíríìjì kó tó ṣe ohunkóhun, torí ọ̀kan kò ṣeé dà mọ́ èkejì, òmíràn sì ń gbiná. Ó kọ́ láti ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀, kí ìṣáná má sì sí nítòsí. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìfófòó ọṣẹ wá ojú ibi tó ń jò, àti bí wọ́n ṣe ń gbé sìlíńdà lé òṣùwọ̀n kí gáàsì má baà pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ sí ẹnu páìpù láìwọ ìbọ̀wọ́. Mosúnmọ́lá gbá ọwọ́ náà dànù, ó wá na ìka tirẹ̀ sí i. Awọ orí ìka náà ti funfun, ó sì le bí èèpo igi.

"Iná ló jó yín?"

"Òtútù ni. Òtútù náà ń jóni."

Badmus fi ọkọ̀ gbé fíríìjì wá sí Ọ̀kà. Ìta ni Mosúnmọ́lá ti dí ojú ibi tó ń jò. Àsàmáù fúnra rẹ̀ ló fa atẹ́gùn inú páìpù jáde, òun ló rọ gáàsì. Ìfófòó ọṣẹ kò yọ ìléróró kankan.

"O ti mọ̀ ọ́n ṣe," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. "Bẹ́ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kó dúró ná kẹ́ẹ tó tàn án. Yí bọ́tìnnì yìí dé ìpẹ̀kun, kó o fi mọ̀ bóyá ó ń tutù. Tó bá ti tutù, dá a padà sáàárín."

Kí wọ́n tó kírun alẹ́ tán, ògiri inú fíríìjì ti funfun. Safurat ki orí bọ inú rẹ̀.

"Màmá, ẹ wá wò ó. Ìràwọ̀ kéékèèké wà lára ẹ̀."

"Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹ́ kí n ráàyè."

Àsàmáù kó gbogbo ìgò oògùn kúrò nínú ìkòkò. Ó tò wọ́n sókè pátápátá, níbi tí ògiri ti kọ́kọ́ funfun.

"Ìkòkò mi ńkọ́?" ni Ìyá Àgbà bèèrè.

"Ẹ jẹ́ ó sinmi, Ìyá. Ó ti gbìyànjú."

Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì náà. Ó rántí bí inú fíríìjì ṣe móoru tẹ́lẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun tó ti yí i dé, ó ní ó di àárọ̀ kí òun tó dá a padà sáàárín. Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì lọ dùbúlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀. Badmus ti ń hanrun. Ìyá Àgbà yí sí ògiri. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí fíríìjì ti bàjẹ́, Àsàmáù sùn, gbogbo ilé sì dákẹ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ìgò ínsúlínì náà ti dì gbagidi, wọn kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́ bí wọ́n tilẹ̀ yọ́, torí yìnyín ni ìràwọ̀ tí wọ́n fa ìlà dábùú lára páálí náà.