Ilé Ẹyọ

"Ó yá, ẹ kóra jọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá!" Tíṣà kíláàsì kejì pàtẹ́wọ́ ní àgbàlá iléèwé wọn ní Ìdúmàgbò. Ọmọ méjìlélógún ló kà láàárọ̀ yẹn, lọ́dún 1974. Mẹ́wàá di ìdì kan, mẹ́wàá mìíràn di ìdì kejì. Tíṣà kọ 2 sí ilé ìdì lójú pátákó.

"Àwọn tó ṣẹ́ kù ló ni ilé ẹyọ. Àmúdàtù, ẹ̀yin mélòó ló kù?"

"Àwa mẹ́ta ni, mà."

Àmúdàtù àti Ganiat nìkan ni Tíṣà rí. "Ẹ tún un kà."

"Mẹ́ta ni, mà," Ganiat dáhùn. "Èmi, Àmúdàtù, àti ọmọbìnrin tó di ọwọ́ òsì yín mú yẹn."

Tíṣà wo ọwọ́ òsì rẹ̀, kò rí ẹnì kankan níbẹ̀. Oṣù kan péré ló tíì lò níléèwé náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé òun bímọ rí, áḿbọ̀sì pé òun ti sin ín.

"Àbí ẹ ò ní kà á mọ́ wa ni, mà?" Àmúdàtù béèrè.

Tíṣà rọra fi ọwọ́ ọ̀tún kọ 3. Kò jẹ́ kí ọwọ́ òsì mì rárá.