Iṣẹ́ Tí Ìyá Itto Rán

"Kí ni màámi wí lónìí?" Itto kò ní lanu gba ọbẹ̀ harira àfi tí nọ́ọ̀sì bá kọ́kọ́ jíṣẹ́ ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ilẹ̀ mì, tí ilé wó lu Itto àti ìyá rẹ̀ lábúlé. Kí ọmọ ọdún mẹ́jọ náà lè jẹun, nọ́ọ̀sì parọ́ fún un pé ìyá rẹ̀ wà ní yàrá òkè. Lónìí, dókítà ní kó sọ òótọ́.

Nọ́ọ̀sì gbé ṣíbí sílẹ̀. "Itto, ọmọ mi, màmá ẹ…"

"Ẹ má sọ ọ́, Àǹtí. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n kú sí, kí àwọn èèyàn tó hú wa jáde. Ẹ ṣáà máa jíṣẹ́ wọn fún mi."

Nọ́ọ̀sì tún gbé ṣíbí. "Wọ́n ní kí o mu ọbẹ̀ yìí tán."

Itto lanu.