Àwọn Oníbàárà Pẹ́pẹ́yẹ

Àlọ́ mi dún gbì, ó balẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Pẹ́pẹ́yẹ alákàrà. Àkàrà rẹ̀ dùn ju ti gbogbo ẹranko lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà náà ló ń da omi ẹ̀wà sí.

Àgùntàn wo ẹrẹ̀, ó ní, "Ìyá alákàrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibí ṣe." Ó yí padà.

Pẹ́pẹ́yẹ yọ ṣùtì sí i. Èrò ṣáà kún ọ̀dọ̀ òun. Àwọn eṣinṣin ń kọrin:

Ìyá, àkàrà yín dùn!
— Hùn-ùn-hùn!
Ẹ má mú ìgbálẹ̀!
— Hùn-ùn-hùn!

Nígbà tí àkàrà kùtà dọ́jọ́ kẹta, Pẹ́pẹ́yẹ gbálẹ̀. Àwọn eṣinṣin gbéra.

"Àkàrà mi ńkọ́?"

"Nítorí ẹrẹ̀ la ṣe wá."

Àgùntàn ń kọjá, ó ń jẹ àkàrà Adìẹ: kò níyọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Adìẹ mọ́. Pẹ́pẹ́yẹ ké pè é títí, kò bojú wẹ̀yìn.

Bí mo bá purọ́, ẹ tẹ́tí sí Pẹ́pẹ́yẹ: ohùn rẹ̀ ṣì ha dòní.