Òṣèré Ìdí Ìrókò

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, ọdún 2071, Mopélọ́lá ìyàwó mi kú. Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ dúró nídìí ìrókò àdúgbò wa. Òfin ni pé òṣèré kan gbọ́dọ̀ máa ṣeré bí igi náà níwájú àwọn ará àdúgbò ní àràárọ̀, títí igi yóò fi kú. Bí òṣèré bá kú, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onídùúró ni yóò rọ́pò rẹ̀. Mopélọ́lá ni òṣèré wa, mo sì fi ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ. Mo rò pé èmi ni n ó kọ́kọ́ lọ, ni mo fi fọwọ́ sí i.

Wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ń wò mí. Mo gbé apá méjèèjì sókè.

“Ẹ rọra, Bàbá Tinúkẹ́,” ni aládùúgbò wa, Ìyá Sùnmọ́nù, wí. “Ọwọ́ òsì ni Ìyá Tinúkẹ́ máa ń kọ́kọ́ gbé. Ẹ dà bí ẹni tí ọlọ́pàá mú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ̀tún kalẹ̀.

“Tinúkẹ́ ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ìlọrin,” ni mo wí.

“Igi ńkọ́?”

Mo gbé ọ̀tún náà sókè.

Ohun tí Mopélọ́lá fi sílẹ̀ fún mi nìyí: aṣọ aláwọ̀ ewé kan, ìgò omi kan, ojú ẹsẹ̀ méjì tó ti jìn nínú iyẹ̀pẹ̀ tí kò gba ẹsẹ̀ mi, àti ìrókò kan tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.