Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Màmá ní "Ó"

Láti ọjọ́ Ajé ni mátírọ́ọ̀nù ti sọ fún wọn ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Ìrè-Èkìtì pé ará Adó kan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, tí yóò wá wo èyí tó ṣì wúlò àti èyí tó yẹ kó lọ. Àìná ò bèèrè nǹkan kan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń bá wọn gbẹ̀bí níbẹ̀, ó ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ó sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Dúpẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, yóò bímọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fẹ́ fi gba ọmọ náà.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ìró tó ń ró lọ gba ara Olúwa ló ró wá.

Olúmúyìwá ni ará Adó náà ń jẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ìkíni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Àìná kó tó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ó tẹ́ ọmọláńgidi kan sórí tábìlì, ó so ẹ̀rọ tó ń ka afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Mátírọ́ọ̀nù kó báàgì rọ́bà méjì jáde, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹnu rẹ̀ bo ẹnu àti imú ọmọ tuntun tí kò ké, tí wọ́n á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ọmọ lè mí. Ó sọ nǹkan sí Olúmúyìwá létí. Ìyẹn bá fún Faith, nọ́ọ̀sì tó kéré jù níbẹ̀, ní ọ̀kan, ó fún Àìná ní èkejì.

Àìná wo ọmọláńgidi náà títí. Ó ní ta ni bàbá ọmọ yìí, tí kò tilẹ̀ ní ìdodo. Faith ní kí Màmá jẹ́ kó kọ́kọ́ mí ná, tó bá yá, àwọn á wá bàbá fún un.

Faith tẹ tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Olúmúyìwá kọ nǹkan sínú ìwé, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá kan Àìná. Ó tẹ̀, ó dẹwọ́, ó tẹ̀, ó dẹwọ́, kò yára, kò falẹ̀. Àyà ọmọláńgidi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbéra rárá. Olúmúyìwá bẹ Màmá pé kí wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pe mátírọ́ọ̀nù sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n etí Àìná ṣì ń gbọ́ràn.

"Ọdún mélòó ló ti lò níbí?"

"Ó ti pẹ́. Ọmọ tó ti bá wa gbà là kò lóǹkà."

"Ó ti gbó, Mà. Gbogbo ara rẹ̀ ti hunjọ. Kó má dé ọ̀dọ̀ ọmọ kankan mọ́."

Mátírọ́ọ̀nù ní ó dáa, àwọn á mú un kúrò lónìí.

Kì í ṣe mímú kúrò ló kọ́kọ́ dun Àìná. Àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan la lè pè é ní "ó". Mátírọ́ọ̀nù tó ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ló wá ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jáde bá wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, èmi lẹ̀ ń pè ní 'ó'? Mo ti gbó, mo gbà. Ara mi ti hunjọ, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n gba ọmọ Dúpẹ́ ná, kí ẹ tó lé mi lọ ulé."

Mátírọ́ọ̀nù ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Màmá, báàgì là ń wí o," ni Olúmúyìwá sọ láti ilẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ sí, "ọwọ́ yín ni mátírọ́ọ̀nù ní kí n gbé èyí tá a fura sí lé, torí tí kò bá ti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tiyín, ó dájú pé kì í ṣe ọwọ́ ló ṣẹ̀."